Wákàtí Kan Tó Wà Nínú Ìwé Nìkan

Kíákíá ti kọ ìlà mẹ́tàdínlógójì sínú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, ó sì ti pa méjìlá rẹ́ nínú wọn. Kò gbé ojú sókè. Iwájú rẹ̀ ni ṣíìpù modẹ́ẹ̀mù kan wà lórí pátákó ike, ohun dúdú pẹlẹbẹ tó ń gbọ́ ìró fóònù, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí ẹsẹ̀ irin wẹ́wẹ́ yí ká. Wáyà tín-ín-rín méjì so ó mọ́ gílóòbù kékeré kan. Ó gbé fóònù, ó tẹ ọ̀kan. Gílóòbù tàn. Ó tẹ mẹ́ta. Gílóòbù kú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ogún, ṣíìpù náà kò sì ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kíákíá, nítorí pé kí olùkọ́ tó ka ìbéèrè tán, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Wáyà, arúgbó kan tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ tẹlifóònù kí ó tó fẹ̀yìn tì. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Inú ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn ni Bàbá ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà èwe rẹ̀. Kò ní ọ̀gá tó dúró tì í, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń na ara rẹ̀ ní pàṣán. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wáyà tó gùn bí ìka kì í bọ́ sílẹ̀ kí a gbá a dànù.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ Kíákíá kì í ṣe eré. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Aránṣọ, ló ń gbé. Ìka ọwọ́ ti ń dun Àǹtí, abẹ́rẹ́ kò sì ṣe é dì mú pẹ́ mọ́. Nítorí náà ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó fi kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun yóò máa sin adìẹ. Ọ̀ọ́dúnrún òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Òròmọdìẹ bẹ́ẹ̀ kò tíì ní ìyẹ́ lára. Bí gílóòbù tó ń mú wọn móoru bá kú fún wákàtí mélòó kan, òtútù á pa wọ́n. Bí ó bá sì ń tàn nígbà tí oòrùn ń jó páànù, ooru á pa wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù ni Àǹtí máa ń wà lọ́sàn-án, Kíákíá á sì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó lè ṣọ́ iná náà, àfi fóònù.

Ohun tí ṣíìpù náà wà fún nìyẹn. Bí a bá tẹ nọ́ńbà kan lórí fóònù, ìró méjì ló ń jáde pọ̀, ọ̀kan wúwo, èkejì lọ sókè tín-ín-rín. Ìró méjì yẹn ni orúkọ nọ́ńbà náà. Kíákíá ń kọ́ ṣíìpù láti dá àwọn orúkọ wọ̀nyí mọ̀, kí ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n. Bí Àǹtí bá pe àpótí tí ṣíìpù wà nínú rẹ̀, tó tẹ ọ̀kan, iná ilé adìẹ á tàn. Bó bá tẹ mẹ́ta, á kú. Bí ilé bá tutù jù, àpótí fúnra rẹ̀ á dún ìró nọ́ńbà Àǹtí lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì pè é. Ohun kan péré ni Àǹtí yọ kúrò. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun lòun pa iná láti orí fóònù, kí àpótí má pe òun rárá. Ohun tí òun fọwọ́ ara òun pa, kí ló tún fẹ́ wá bi òun?

Ó ku iṣẹ́ kan. Ohùn ènìyàn pẹ̀lú kún fún ìró. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ń pariwo lè ṣèèṣì mú ìró méjì jáde pọ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́, kó sì dà bíi pé ó tẹ nọ́ńbà. Nítorí náà Bàbá Wáyà ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ṣíìpù kankan kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun láìjẹ́ pé ó gbọ́ ohùn ènìyàn fún wákàtí kan gbáko tí kò sì dáhùn. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà fún un. Ọdún púpọ̀ ni Bàbá fi gba ohùn sínú rẹ̀: ìyá tó ń pe ọmọ, àwọn tó ń jà, ìkókó tó ń sunkún, ọkùnrin tó ń wúkọ́. Ẹni tó bá ń dán ṣíìpù wò á jókòó tì í, á ka iye ìgbà tí gílóòbù bá ṣẹ́jú, á sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì. Bàbá á wá fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá lọ kí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan tó ń ṣàìsàn. Kíákíá ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ, ó káwọ́, ó ń wo gílóòbù. Ìṣẹ́jú mẹ́fà kọjá, kò ṣẹ́jú. Ìgbà náà ni ẹnì kan ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìgò ni, nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò. Ìgò ní aago kan ààbọ̀ ti lù, aago méjì sì ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn máa pa ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá sí ìdíje dé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tíì parí, kó má wulẹ̀ yọjú. Kíákíá ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta kí òun tó parí. Ìgò fetí sí kásẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀. Àwọn obìnrin méjì ń jà nínú rẹ̀ lórí ìkòkò tó fọ́.

"Ṣé èyí lo jókòó tì?" ni Ìgò wí. "Èmi rò pé iṣẹ́ lò ń ṣe. Àṣé òfófó lò ń gbọ́."

Kíákíá ní òfin Bàbá ni.

"Ó gbọ́ ogún nínú ogún, kí lo tún ń wá? Bó bá jẹ́ pé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lo fẹ́ máa jẹ́ láti òní lọ, wí fún mi kí n lọ kéde rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Ó wo aago. Ó wo gílóòbù tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́fà kò ní ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́ta. Ó pa kásẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìwé ńlá náà, ó sì fi ọwọ́ tó gún régé kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Wákàtí kan. Kò dáhùn rárá. Ó pa ìwé náà dé, ó sì tẹ̀ lé Ìgò jáde.

Nígbà tí Bàbá ka ìlà náà lọ́jọ́ kejì, ó bi í bóyá ó jókòó tì í dé òpin. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ dùn. Bí oòrùn bá mú, Àǹtí á dá àlùmọ́gàjí dúró ní ṣọ́ọ̀bù, á ní kí àwọn oníbàárà dúró kí òun pa iná ilé òun, á tẹ mẹ́ta. Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti gba ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí kì í jẹun, tí kì í sì í sùn. Ní ilé ẹ̀kọ́, orúkọ Kíákíá ló wà lókè pátápátá lára ìwé ìdíje. Bí ó bá ti ń kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ á máa fi ẹnu dún bí fóònù.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òjò bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, kò sì dá. Kíákíá dé láti ilé ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ilé adìẹ kì í dákẹ́. Láti ẹnu géètì lèèyàn ti máa ń gbọ́ ariwo wọn. Lọ́jọ́ náà, òjò nìkan ló gbọ́. Ó rò pé òjò ló bo ariwo wọn mọ́lẹ̀. Ó fi aṣọ nu ojú, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Inú ilé ṣókùnkùn. Òtútù gbá a lójú. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló kó òwú aláwọ̀ ìyeyè dà sí igun yàrá, nítorí ó gba jọ gègèlè, kò sì mira. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí irin.

Wọ́n ti gun ara wọn lórí láti wá ooru. Òtútù pa àwọn tó wà lókè. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò rí èémí mí. Àpò ìwé Kíákíá já bọ́ sínú omi lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀. Kò mọ bí òun ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ kí ó tó gbọ́ igbe kékeré kan láti abẹ́ òkìtì náà, tín-ín-rín bí ìgbà tí a fi èékánná ha dígí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì hú òkìtì náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá gbé, ó ń retí kí ó tapá. Mọ́kànlélógójì ló tapá.

Ó sáré tan iná láti ara ògiri. Gílóòbù ńláńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí gílóòbù tó jó, iná kò lọ. Ẹnì kan ló pa wọ́n. Àpótí náà wà lára ògiri pẹ̀lú iná aláwọ̀ ewé kékeré rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Àǹtí dé nínú òjò, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọ̀kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, ó ń fẹ́ èémí sí i, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ kódà nígbà tó hàn gbangba pé ó ti kú. Nígbà tó yá, ó yọ fóònù rẹ̀ láti etí aṣọ tó ró mọ́ ìdí.

"Kò kúrò lọ́wọ́ mi láti àárọ̀," ó wí. "Kí ló dé tí kò pè mí?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Wáyà ti dé. Ó so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ka ohun tó wà nínú ìrántí rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ẹnì kan pè. Àpótí gbé e. Ó gbọ́ pé wọ́n tẹ mẹ́ta. Iná kú. Nítorí pé àpótí kì í wo ẹni tó pè, ó gbà pé Àǹtí ló pàṣẹ, kò sì pè é, bí Àǹtí fúnra rẹ̀ ṣe ní kó rí.

Àǹtí ní òun kò tẹ mẹ́ta. Ó ní ní aago mẹ́wàá, èjìká ọkùnrin kan ni òun ń wọ̀n. Bàbá fi ojú ẹ̀rọ hàn án: nọ́ńbà tó pè kì í ṣe tirẹ̀. Ó wá tẹ nọ́ńbà náà, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́ ọ.

Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ ga. Ó ní lóòótọ́ lòun pe nọ́ńbà kan láàárọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lòun ń wá, bóyá òun ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀. "Wọ́n gbé e, wọn ò fọhùn. Èmi ń ṣe hẹlóò, hẹlóò, títí ọ̀fun fi gbẹ. Mo tiẹ̀ bú wọn díẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá ní kò sí ìbínú, ṣùgbọ́n kí ó dákun, kí ó tún pe nọ́ńbà tó ṣì pè náà, kí ó sì sọ̀rọ̀ bó ṣe sọ ọ́ láàárọ̀. Ó yà á lẹ́nu, ó gbà. Àpótí dún, ó gbé ìpè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbójú sókè sí gílóòbù.

"Hẹlóò? Hẹlóò o? Ta ló wà ńbẹ̀?"

Iná kò mira. Kíákíá fẹ́ mí kanlẹ̀.

"Hẹlóòòò!"

Nǹkan ké tẹ́ẹ́ nínú àpótí. Gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú pọ̀.

Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwo ibi tó jókòó sí. Bàbá Wáyà fi ọwọ́ tan iná padà, nítorí àwọn mọ́kànlélógójì náà.

"Ohùn rẹ̀ ga, ó sì máa ń dúró lójú kan bí fèrè," ó wí. "Irú ohùn bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì mi. Ìṣẹ́jú kọkànlá ni àkọ́kọ́ wọn wà." Ó yí sí Kíákíá. "Ìṣẹ́jú mélòó lo gbọ́?"

Irọ́ mìíràn wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mẹ́fà, Bàbá."

Àǹtí wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ. "Mẹ́fà," ó wí. "Mo sì fẹ̀yìn ti ọ̀rọ̀ rẹ."

Kò na án, kò bú u, ó yí padà sọ́dọ̀ àwọn òròmọdìẹ. Bàbá ní àwọn àgbà ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Ó ní òun kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìlà tí Kíákíá kọ ni ohùn rẹ̀, òun sì ni òun fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ kejì ó fi rúlà fa ìlà pupa la ọ̀rọ̀ Kíákíá já, ó sì fa òmíràn la orúkọ ara rẹ̀ já. Ó ní ohun tí òun fọwọ́ sí láìfi ojú rí, ẹ̀bi tòun náà ni.

Kíákíá nìkan ló gbẹ́ kòtò tí wọ́n sin àwọn òròmọdìẹ náà sí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ó sọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀. Ìgò wá bá a lábẹ́ igi pẹ̀lú ojú tó wú, ó ní òun lòun kó bá a. Kíákíá mi orí.

"Ẹnu ni ìwọ fi wí i," ó dáhùn. "Ọwọ́ èmi ló kọ ọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ, ó sì jókòó. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, gílóòbù ṣẹ́jú. Ó ta gìrì. Kí kásẹ́ẹ̀tì tó parí, ṣíìpù ti gbọ́ nọ́ńbà nígbà mẹ́tàdínlógún níbi tí kò sí nọ́ńbà, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì rí lára rẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé adìẹ tó tún ń ṣí. Ó wá rí ohun tó ṣe. Kò kọ́ ṣíìpù láti béèrè nǹkan kan. Ìró tó bá ti jọ orúkọ nọ́ńbà díẹ̀, kíá ló gbà á. Ó tún ètò náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ìró méjèèjì pẹ́ tó ìdá kan nínú ogún ti ìṣẹ́jú-àáyá kan? Ṣé agbára wọn dọ́gba? Ṣé kò sí ìró mìíràn tó tẹ̀ lé wọn? Ohùn ènìyàn kì í dá rìn, ó máa ń kó ìró mìíràn lẹ́yìn. Ti fóònù mọ́ láìní àbààwọ́n. Nígbà kejì, àṣìṣe di mẹ́rin. Nígbà kẹta, ó ku ọ̀kan, ikọ́ arúgbó kan. Ó lo ọjọ́ Sátidé mẹ́ta lé e lórí. Ó yí apá tó ń pe Àǹtí náà padà: ẹni yòówù kó pa iná, bí ilé bá ti tutù, àpótí gbọ́dọ̀ pe Àǹtí, kó sì tún pè é títí yóò fi gbé e.

Àṣìṣe inú ètò kò tó nǹkan. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe é, wákàtí kan sì tó láti tú u fó. Ìlà kan tó purọ́ nínú ìwé ló pa àwọn òròmọdìẹ. Iṣẹ́ tí a kò bá ṣe, kí a fi í sílẹ̀ ní àìṣe. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun ti ṣe é ti di ojú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí wákàtí kan pé láìsí àṣìṣe kan, tí Bàbá jókòó tì í fún wákàtí mìíràn, Kíákíá gbé àpótí lọ sílé. Ó so ó mọ́ ògiri. Àwọn òròmọdìẹ tó kù ti ń hu ìyẹ́. Àǹtí, tí kò bá a sọ ju ọ̀rọ̀ jíjẹ àti mímu láti ọjọ́ náà, ní kó jókòó sábẹ́ gílóòbù kó máa wò ó. Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe àpótí náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

Láti inú àpótí lára ògiri ni Kíákíá ti ń gbọ́ ọ. Àǹtí kọ́kọ́ ṣe hẹlóò. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun gbogbo tí kò tíì sọ. Ó sọ bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó tà ṣe máa ń dún, àti pé òun ṣì ń gbọ́ ọ lójú oorun. Ó ní òun ti ń fi Kíákíá yangàn láti ìgbà tó ti mọ ìwé kà. Ó pariwo, ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó sì ya. Ó sunkún. Ó bú ọmọ náà ní gbogbo orúkọ tí ẹnu rẹ̀ mọ̀, ó sì tún fi gbogbo oríkì rẹ̀ kì í. Omi ń ṣàn lójú Kíákíá, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára gílóòbù. Wákàtí kan kọjá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tàn gbọin-gbọin.

Àǹtí tẹ mẹ́ta. Wọ́n kú. Ó tẹ ọ̀kan. Wọ́n tàn.

Ó wọlé, ohùn ti há a. "Màá kó òmíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ó wí. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣé, Àǹtí."

Kíákíá kó ìṣó àti wáyà tó ṣẹ́kù sínú àpò, ó nu ibi tó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ̀. Ó fa ilẹ̀kùn ilé adìẹ dé jẹ́jẹ́, ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wáyà láti dá wọn padà.